Àpótí Ìmọ̀: Ọ̀rọ̀ Tí Agbanisíṣẹ́ Ń Tẹ̀
Lórí LinkedIn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2003, ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́ kì í ka ojú ewé gbogbo èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ló máa ń tẹ̀: orúkọ iṣẹ́, ìlú, ohun tó fẹ́ kí ẹni náà mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ó bá tẹ “accountant”, “Ibadan” àti “Excel”, tí ìwọ sì kọ “Ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ kì í bà lẹ́rù” sábẹ́ orúkọ rẹ, o ti fara pamọ́ nìyẹn, bí o tilẹ̀ mọ ìṣirò owó bí ẹni mowó.

Ìlà abẹ́ orúkọ yẹn, tó gba lẹ́tà àti àlàfo 220, ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe. Ka ìkéde iṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Wàá rí ọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn ń lò. Òun ni kí ìwọ náà lò. Oríkì tó dùn létí kò burú, àmọ́ ta ni yóò tẹ̀ ẹ́ láti fi wá ọ?

Yẹ ìlú wò pẹ̀lú. Àwọn kan ti kó dé Èkó tipẹ́. Ojú ewé wọn ṣì ń gbé Adó-Èkìtì.