Kékeré La Ti Ń Pẹ̀ka Ìrókò

Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi ní Ògbòòrò, mo mọ ohun tá a máa ń sọ bí kókó bá yọ lọ́yàn: “Kò kúkú dùn mí, ẹ jẹ́ kí n wa iṣu tán ná.” Àìdunni yẹn gan-an ló ń tanni. Jẹjẹrẹ ọyàn kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó bá fi di egbò, ó ti lè dé egungun tàbí ẹ̀dọ̀fóró.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Clement Adebamowo, oníṣẹ́ abẹ tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, kò fi iṣẹ́ rẹ̀ lórí jẹjẹrẹ yìí mọ sórí abẹ. Ó kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní Harvard, ó sì ń wádìí ohun tó ń fa àrùn náà lára àwọn obìnrin wa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: òun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Temidayo Ogundiran, oníṣẹ́ abẹ ní UCH, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade tó jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó lọ sí Chicago, wà lára àwọn tó tẹ èsì ìwádìí kan jáde lọ́dún 2018. Obìnrin Nàìjíríà 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọyàn ni wọ́n yẹ̀ wò. Nínú mẹ́jọ, ẹnì kan jogún àbùkù jíìnì tó ń fà á.

Ibi tó ti kàn wá nìyí. Bí ìyá tàbí àǹtí bá ti ipa ọyàn kú, ńṣe là ń bò ó mọ́lẹ̀, kí wọ́n má bàa ní àrùn ìdílé ni, kí ọkọ má bàa sá fún àwọn ọmọ wa. Ìbẹ̀rù náà yé mi, àmọ́ ó ń pa wá lọ́mọ. Ọmọ tí wọn ò sọ fún kò ní mọ̀ pé ó yẹ kóun tètè máa yẹ ara òun wò. Bàbá náà lè gbé àbùkù jíìnì yìí fọ́mọ. Àwọn méje yòókù nínú mẹ́jọ ò sì jogún rẹ̀, nítorí náà kò sí ilé tó lè fọwọ́ sọ̀yà.

Bí nǹkan oṣù bá ti lọ, ẹ fọwọ́ tẹ ọyàn yí ká dé abíyá. Bẹ́ ẹ bá rí kókó, tàbí ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu ọyàn, ẹ má ṣe sín gbẹ́rẹ́ sí i. Ẹ lọ sílé ìwòsàn ní Ṣakí, kí wọ́n bù díẹ̀ níbẹ̀ yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ kókó kì í ṣe jẹjẹrẹ. Èyí tó bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, bó bá ṣì kéré, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gé kókó nìkan, kí wọ́n fi ọyàn sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọkọ, bí ìyàwó bá sọ ọ́ fún yín, ẹ má ní kó dúró dìgbà tá a bá ta kaṣú. Ẹ gbé e lọ lọ́sẹ̀ yẹn.