Àpótí Ìmọ̀: Bí Náítírójìn Ṣe Ń Kúrò Lára Ọ̀gbìn

Náítírójìn jẹ́ ìdá 78 nínú 100 afẹ́fẹ́, síbẹ̀ àgbàdo oko Kambolé kò lè fà á láti ibẹ̀. Inú ilẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ ti ń rí i. Ewé rẹ̀ sì tún ń dá díẹ̀ padà sínú afẹ́fẹ́. Bí àgbàdo bá gbó, tí ewé rẹ̀ ń pọ́n, èròjà inú ewé a tú. Díẹ̀ nínú èyí tí kò lọ sínú ọmọ àgbàdo a di gáàsì amóníà, a sì gba ihò tíntìntín ara ewé jáde.

Iná ló burú jù. Bí wọ́n bá sun igbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láàárín Tchamba àti Sokodé, èyí tó pọ̀ jù nínú náítírójìn inú koríko àti pòròpórò ń bá èéfín lọ. Eérú kì í fi bẹ́ẹ̀ ní in. Náítírójìn inú ajílẹ̀ yúríà náà ń fò lọ bí a bá da ajílẹ̀ ọ̀hún sílẹ̀ láì bò ó.

Ẹ má sun pòròpórò, ẹ tẹ́ ẹ sóko. Ẹ sì gbin ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà: bakitéríà inú gbòǹgbò wọn ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́.