Òwìwí já bọ́ láti àjà ilé: kí lẹ máa ṣe?

Ẹni tó bá gbé Ìbàdàn àtijọ́ rí, ì báà jẹ́ Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Màpó tàbí Bẹyẹrúnkà, á mọ igbe tí mò ń wí. Lóru, tí jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò bá ti dákẹ́, nǹkan kan á han lókè páànù bí ìgbà tí wọ́n ń fa aṣọ ya. Àwọn àgbà á ní kí ọmọdé má dá a lóhùn. Tí ilẹ̀ bá wá mọ́, tí wọ́n rí ọmọ ẹyẹ funfun kan nílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, igi ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Ẹyẹ àjẹ́ ni wọ́n ń pè é.

Òwìwí ni. Mo ṣe ọmọ ìkọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta ní ilé ìtọ́jú ẹranko ìgbẹ́ kan, òwìwí sì wà lára àwọn tó kọ́ mi níṣẹ́ jù. Lónìí, ẹ jẹ́ ká jọ wo bí ọjọ́ kan ṣe ń lọ níbẹ̀, ká sì rí sáyẹ́ǹsì tó wà nídìí ohun tí à ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù ṣáájú: wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n rí ẹranko náà nílẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wa. Ọwọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ló wà.

Ibí yìí kì í ṣe ọgbà ẹranko o

Ọ̀pọ̀ wa ló mọ ọgbà ẹranko tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ọdún 1948 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹranko jọ síbẹ̀ fún ẹ̀kọ́. Wọ́n ń tọ́jú ẹranko kí èèyàn lè wá wò ó, kó sì kẹ́kọ̀ọ́. Ilé ìtọ́jú yàtọ̀ sí i. Ẹranko tó fara pa, tó ṣàìsàn tàbí tó pàdánù òbí ló ń gbà, kó lè wò ó sàn, kó sì dá a padà sínú ìgbẹ́ tó bá ṣeé ṣe.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n wọ́n wà. Ní Calabar, Pandrillus ti ń tọ́jú àwọn ọ̀bọ tí wọ́n ń pè ní drill láti 1991, CERCOPAN náà sì bẹ̀rẹ̀ ní 1995 fún oríṣi ọ̀bọ mìíràn. Ní Èkó, Saint Mark's Animal Rescue Foundation, tí dókítà ẹranko Mark Ofua dá sílẹ̀, máa ń gba ẹranko tí wọ́n yọ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà wọ́n.

Nítorí náà, ìdùnnú wa ni kí ẹranko lọ, kó má sì bojú wẹ̀yìn. Tó bá padà wá ń wá wa, iṣẹ́ ò tíì dáa nìyẹn.

Aago méje àárọ̀: òṣùwọ̀n

Ohun àkọ́kọ́ tí à ń ṣe láàárọ̀ ni pé ká wọn ẹyẹ kọ̀ọ̀kan kó tó jẹun, ní àsìkò kan náà lójoojúmọ́. Kí ló dé? Torí pé ìyẹ́ ń tanni jẹ. Òwìwí tó ti dàgbà lè tóbi lójú, síbẹ̀ kó má wúwo ju nǹkan bí 300 gíráàmù lọ. Ìyẹ́ ló pọ̀ jù lára ohun tẹ́ ẹ̀ ń rí. Ebi lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tán kí ẹ má mọ̀.

Tí ẹyẹ 300 gíráàmù bá dín 30 gíráàmù, ẹ lè rò pé kò tó nǹkan. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: ìdá kan nínú mẹ́wàá ara rẹ̀ ni. Ó dà bí ìgbà tí ẹni tó wọn 60 kílò dín 6 kílò. Yàtọ̀ sí òṣùwọ̀n, à ń fi ìka wá egungun tó dá àyà ẹyẹ sí méjì. Lára ẹyẹ tó ń jẹun dáadáa, ẹran á kún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì egungun náà. Lára ẹyẹ tí ebi ń pa, egungun náà á mú ṣóṣóró bí ojú ọ̀bẹ.

Aago mẹ́jọ: oúnjẹ, ká sì pa ẹnu mọ́

Òfin ni pé a kì í sọ̀rọ̀ nínú yàrá ọmọ ẹyẹ. A kì í kọrin, a kì í pè é lórúkọ, aṣọ sì máa ń bo ojú wa. Ẹlòmíì á ní ìkà ni wá. Rárá o.

Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tó ń jẹ́ Konrad Lorenz, tó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1973, fi hàn pé àwọn ọmọ ẹyẹ kan tó jọ pẹ́pẹ́yẹ máa ń tẹ̀ lé ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bá rí tó ń rìn lẹ́yìn tí wọ́n bá pa wọ́n, ì báà jẹ́ èèyàn. Ó ti di ìyá wọn nìyẹn. Ti òwìwí kò yá bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ òwìwí tó bá jẹ́ pé ojú èèyàn nìkan ló ń rí látìgbà tó ti là lójú lè dàgbà kó máa rò pé èèyàn lòun náà. Kò ní bẹ̀rù wa. Kò sì ní mọ bí wọ́n ṣe ń wá ẹnì kejì láàárín òwìwí ẹgbẹ́ rẹ̀. Irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé tú sílẹ̀ mọ́. Ní àdúgbò tí wọ́n ti ń fi igi lé òwìwí, ẹyẹ tí kò bẹ̀rù èèyàn ò lè pẹ́ láyé.

Etí òwìwí sì mú ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ojú rẹ̀ tó rí roboto bí ọkàn yẹn, bí abọ́ sátẹ́láìtì ló ṣe ń ṣiṣẹ́: ó ń kó ìró jọ sínú etí. Ihò etí kan ga ju èkejì lọ, ìyẹn ló fi ń mọ̀ bóyá òkè ni ìró ti wá tàbí ìsàlẹ̀. Onímọ̀ Roger Payne fi òwìwí sínú yàrá tó ṣókùnkùn biribiri, ó sì mú eku tó ń rìn lórí ewé gbígbẹ níbẹ̀. Ẹyẹ tó ń gbọ́ ẹsẹ̀ eku lórí ewé, ṣé ó máa ṣòro fún un láti mọ ohùn yín?

Kí ló ń jẹ? Eku odindi ni, tìrun-tegungun. Ẹran màlúù lásán lè pa ọmọ òwìwí lára. Kálísíọ̀mù inú ẹran kò tó nǹkan. Inú egungun ló wà. Ọmọ ẹyẹ tí wọ́n bá ń fi ẹran lásán bọ́, egungun rẹ̀ á rọ̀, á tẹ̀, á sì kán. Tó bá ti tẹ̀ báyẹn tán, kò ní lè fò dáadáa mọ́ láyé.

Aago mẹ́wàá: ohun tó wà nínú kókó dúdú

Òwìwí kò lè lọ irun àti egungun kúnná nínú ikùn. Ohun tó kù á pò pọ̀ di kókó dúdú kan, á sì pọ̀ ọ́ jáde. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ló ń tú kókó yẹn, iṣẹ́ tí mo sì fẹ́ràn jù nìyẹn. Ẹ fi omi rẹ ẹ́, ẹ fi igi tín-ín-rín tú u, ẹ sì ka agbárí. Bí agbárí ṣe pọ̀ tó ni ẹran tó jẹ ṣe pọ̀ tó. Eku ló máa ń pọ̀ jù níbẹ̀, asín náà máa ń wà.

Òwìwí kan lè jẹ eku 3 sí 4 lóru kan. Ká ní 3 péré ni: lọ́dún kan, ó ti ju 1,000 lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Áfíríkà, àwọn onímọ̀ ti rí egungun eku tí wọ́n ń pè ní Mastomys nínú kókó òwìwí. Eku yìí gan-an ló ń gbé kòkòrò ibà Lassa kiri, àìsàn tí wọ́n fi orúkọ ìlú Lassa ní Ìpínlẹ̀ Borno sọ nígbà tí wọ́n dá a mọ̀ ní 1969. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku náà ló ń kó o sínú oúnjẹ wa. N kò sọ pé òwìwí á lé ibà Lassa lọ o. Dídé oúnjẹ dáadáa àti ìmọ́tótó ṣì ni àkọ́kọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tẹ́ ẹ̀ ń fi igi lé yẹn ń bá yín ṣiṣẹ́ lóru, kò sì gbowó.

Ẹ tún rántí pé eku tó jẹ májèlé kì í kú lójú ẹsẹ̀. Ó ṣì máa ń rìn tàgétàgé kiri, irú ẹ̀ ló sì rọrùn jù fún òwìwí láti mú. Májèlé tẹ́ ẹ fi sí àjà fún eku lè pa ẹni tó ń pa eku.

Aago kan ọ̀sán: páálí láti Bẹyẹrúnkà

Ọ̀sán ni ẹranko tuntun sábà máa ń dé. Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé páálí wọlé láti Bẹyẹrúnkà. Ọmọ òwìwí ló wà níbẹ̀, irun wúwú ṣì bò ó lára.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti mọ̀ mí o," ló sọ fún mi. "Àtàárọ̀ ni mo ti ń gbé e kiri, kò jà rárá. Mo tiẹ̀ fún un lómi."

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Ẹranko ìgbẹ́ tó dákẹ́ lọ́wọ́ yín kò fẹ́ràn yín. Ẹ̀rù ló bà á débi pé ó gan. Lójú tiẹ̀, ẹran tó fẹ́ pa á jẹ ló gbá a mú yẹn. Ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì, ara rẹ̀ sì ń jó agbára tó yẹ kó fi wo ara rẹ̀ sàn. Ẹ̀rù nìkan lè pa ẹyẹ tí kò ní ọgbẹ́ kankan.

Omi ńkọ́? Ihò tí ẹyẹ fi ń mí wà nídìí ahọ́n rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá da omi sí i lẹ́nu, ó lè gba ibẹ̀ wọnú ẹ̀dọ̀fóró.

Mo fẹ́ ṣí páálí náà, ni dókítà wa bá ní, "Fi í lẹ̀. Jẹ́ kó sinmi ná." A gbé e sí ibi tó ṣókùnkùn, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Nígbà tí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, egungun kankan kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ti rù. Omi oògùn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló kọ́kọ́ gbà, kì í ṣe oúnjẹ. Ara tí ebi ti pa fún ìgbà pípẹ́ kì í lè gba oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́ ẹ bá kì í fún un, ó lè kú.

Àjà Ìyá àgbà

Ọjọ́ kẹta, ó ti ń jẹ eku fúnra rẹ̀. Ìtọ́jú tó kù kò sí lọ́dọ̀ wa mọ́; àjà tó ti já bọ́ ló wà. Òwìwí kì í sábà bọ́ ọmọ tó já sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi í síbẹ̀, ebi á pa á. Àmọ́ tó bá padà sínú ìtẹ́, ìyá rẹ̀ á bọ́ ọ. Kì í ṣe òótọ́ pé ẹyẹ máa ń kọ ọmọ tí èèyàn bá fọwọ́ kàn.

Ìyá tó ni ilé ló kù tó yẹ ká bẹ̀. "Ẹyẹ àjẹ́ lẹ fẹ́ dá padà sí mi lórí?" ni Ìyá wí.

Dókítà kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì ní kí ọmọkùnrin yẹn gun àkàbà lọ sí àjà, kó kó kókó dúdú mélòó kan wá. A tú u síwájú Ìyá lórí bébà. Agbárí eku mọ́kànlá ló jáde. "Eku ilé yín rèé, Ìyá. Igbe tẹ́ ẹ sì ń gbọ́ lóru, àwọn ọmọ ẹyẹ ni. Ebi ló ń pa wọ́n, oúnjẹ ni wọ́n ń tọrọ."

Ìyá wo agbárí yẹn títí. Wọ́n wá ní, "Ẹ gbé e gòkè. Àmọ́ tó bá pariwo jù, ẹ̀yin ni n ó pè."

Mẹ́ta ló wà nínú ìtẹ́ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ, torí òwìwí máa ń fi bí ọjọ́ méjì sáàárín ẹyin kan sí òmíràn, ó sì ń sàba látorí ẹyin àkọ́kọ́. A fi ìkẹrin sí àyè rẹ̀, a di ibi tó ti já bọ́, a sì sọ̀ kalẹ̀.

Tó bá ṣẹlẹ̀ nílé yín

1. Ẹ lé ọmọdé, ajá àti ológbò kúrò níbẹ̀.
2. Ẹ da aṣọ bò ó kó má ríran, kẹ́ ẹ tó gbé e. Ẹ ṣọ́ra fún èékánná rẹ̀ ju ẹnu lọ.
3. Ẹ gbé e sínú páálí tẹ́ ẹ ti lu níhò, kẹ́ ẹ tẹ́ aṣọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbé e síbi tó ṣókùnkùn tó sì dákẹ́, tí oòrùn kò pa.
4. Ẹ má fún un lómi, ẹ má fún un lóúnjẹ, ẹ má yà á ní fọ́tò.
5. Ẹ má gbé e sítòsí adìyẹ. Láti 2006 tí wọ́n ti rí àrùn lùkúlùkú ẹyẹ H5N1 ní Kàdúná ni a ti mọ̀ pé kò yẹ kí ẹyẹ ìgbẹ́ àti adìyẹ jọ máa gbé. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́.
6. Ẹ wo òkè bóyá ìtẹ́ wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì wà.

Ọ̀kan tó kù: tẹ́ ẹ bá rí òwìwí láàyè lórí àtẹ lẹ́kúlẹ́jà ní Ọjà'ba tàbí Bódè, mo mọ̀ pé àánú á ṣe yín, ẹ á fẹ́ rà á kẹ́ ẹ lè tú u sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Ẹni tó mú un wá kò mọ̀ pé àánú lẹ fi rà á. Ohun tó mọ̀ ni pé ọjà tà. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, á tún gun àjà ẹlòmíì lọ.