Ní ti Òógùn Àtẹ́lẹwọ́ àti Títa Fayolín

A ti rí i nínú ẹgbẹ́ akọrin wa pé ọ̀dọ́ tí ó ń ta fayolín dáradára nílé a máa kùnà níwájú ìjọ. Òógùn a bo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ìka rẹ̀ a sì máa yọ̀ lórí okùn. Níwọ̀n bí fayolín kò sì ti ní àmì tí ń fi ibi tí ìka yóò gbé dúró hàn, ìyọ̀ díẹ̀ ti tó láti ba ohùn jẹ́.

Àwọn àgbà a sì wí pé àìmúrasílẹ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ooru ni í fa òógùn sí wa lára jùlọ, ṣùgbọ́n ní ti àtẹ́lẹwọ́, ìbẹ̀rù àti àníyàn ni ó sábà ń fà á. Nítorí náà ìbáwí kì í gbẹ ẹ́. Ńṣe ni ó ń mú un pọ̀ sí i. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí èyí.

Nígbà kan rí, a gba ọmọdébìnrin kan ní ìmọ̀ràn pé kí ó fi pàúdà pa ọwọ́. Kí ẹsẹ orin kejì tó parí, pàúdà àti òógùn ti di ẹrẹ̀ lórí okùn, ọmọ náà sì fi omijé jókòó. Ẹ̀bi wa ni, kì í ṣe tirẹ̀.

Ohun tí ó sàn jù ni kí akọrin fi ọṣẹ àti omi tútù fọ ọwọ́, kí ó nù ún gbẹ pátápátá, kí ó má sì fi òróró tàbí òrí kàn án ní ọjọ́ náà. Kí aṣọ ìnuwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ó sì ti ta orin náà níwájú ènìyàn méjì mẹ́ta kí ọjọ́ ìsìn tó pé, kí ojú ènìyàn má baà jẹ́ tuntun sí i.

Ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ kan irun ẹṣin tí ó wà lára ọ̀pá rẹ̀, nítorí ibi tí ọ̀rá àti òógùn bá bà kì í di okùn mú dáradára mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti gòjé wa, tí irun ẹṣin jẹ́ okùn rẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn orin, kí a nu okùn fayolín, nítorí iyọ̀ inú òógùn a máa mú okùn onírin dípẹtà.

Bí ọwọ́ ẹnì kan bá ń kán tótó nígbà gbogbo, àní nígbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, kí ó lọ rí dókítà. Oògùn kan wà tí a fi aluminium chloride ṣe, tí a ń fi pa àtẹ́lẹwọ́ gbígbẹ ní alẹ́, tí a sì ń fọ̀ kúrò ní òwúrọ̀. A máa ta ẹlòmíràn lára, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a lò fúnra rẹ̀.