Kí Ni Màmá Ń Sọ? Ẹ̀kọ́ fún Àwa Tí A Ń Tọ́jú Àgbàlagbà

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tí a wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, tọ̀sán tòru. Ojú wa ti rí i: àgbà tí ń gbá nọ́ọ̀sì létí, èyí tí ń tutọ́ síni lára, èyí tí ń pariwo láti alẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwọn kan á ní ìwà rẹ̀ ni. Àwọn mìíràn, àní nínú wa, á máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé àjẹ́ ni màmá yẹn. Rárá o! Àìsàn ọpọlọ tí àwọn dókítà ń pè ní dementia ni ó ń bá púpọ̀ nínú wọn jà. Ọ̀rọ̀ ti ń sọnù lẹ́nu wọn; igbe àti ìjà ni ó kù tí wọ́n fi ń sọ tinú wọn.

Ẹ jẹ́ kí á fi màmá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ti lo ogójì ọdún ní Lọ́ńdọ̀nù, gẹ̀ẹ́sì sì já gaara lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àìsàn yìí bá dé, èdè tí ènìyàn kọ́ lẹ́yìn ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Lóru, màmá ń ké pé, "Mo fẹ́ tọ̀! Mo fẹ́ tọ̀!" Òyìnbó tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò gbọ́, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé màmá ń pariwo láìnídìí, ó sì dá a padà sórí ibùsùn. Màmá tọ̀ sára. Nígbà tí ẹni méjì wá ń bọ́ aṣọ lára rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó gé ọ̀kan jẹ. Ní òwúrọ̀, ó ti wà nínú ìwé: "Ó ń géni jẹ." Ẹ̀yin ará, ta ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀?

Nítorí náà, ara ni kí á kọ́kọ́ bi léèrè. Ṣé nǹkan ń dùn ún? Ṣé ó ti yàgbẹ́? Awò ojú rẹ̀ ńkọ́? Àrùn inú ìtọ̀ nìkan lè da orí àgbàlagbà rú láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Bí ìwà bá yí padà lójijì, dókítà ni kí á pè. Ní ọdún 2011, àwọn oníṣègùn ní Norway gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn àgbà 352 tí ara wọn kì í balẹ̀, ní ilé ìtọ́jú 18. Wọ́n fún apá kan wọn ní oògùn ìrora fún ọ̀sẹ̀ 8. Paracetamol lásán sì ni ti ọ̀pọ̀ wọn. Wàhálà wọn fi ìdá 17 nínú 100 dín kù.

Bí kò bá sí àìsàn lára, ẹ mú ìwé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: aago mélòó ni, ta ni ó wà níbẹ̀, kí ni ó ṣẹlẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ àkókò ìwẹ̀ nìkan ni bàbá ń jà, nítorí pé ọmọdébìnrin ni ó ń bọ́ ṣòkòtò rẹ̀. Ọmọ ogún ọdún á sì máa pe ìyá àgbà ní orúkọ gan-an, wọ́n á tún máa béèrè ìdí tí inú fi ń bí i! Màmá tí ó ń fẹ́ jáde ní aago mẹ́rin lọ mú àwọn ọmọ nílé ìwé, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ bi í léèrè orúkọ wọn, ẹ bá a rìn yí ọgbà ká. Ohun tí ẹ bá rí pé ó tù ú lára, kí òṣìṣẹ́ alẹ́ náà máa ṣe é bákan náà.

Kí á so wọ́n mọ́ àga ńkọ́? Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1987 kò gbà kí ilé ìtọ́jú so àgbà mọ́lẹ̀, tàbí kí wọ́n fi oògùn pa á lẹ́nu mọ́, nítorí ìbáwí tàbí ìrọ̀rùn òṣìṣẹ́. Ní 2005, ìjọba wọn tún kìlọ̀ nípa oògùn wèrè tí a ń fún irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀: nǹkan bí 4.5 nínú 100 ni ó kú lára àwọn tí ó lò ó, 2.6 nínú 100 lára àwọn tí kò lò ó. Dókítà ṣì lè fún ni bí ewu bá pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun àkọ́kọ́.

A kò sọ pé kí ẹ dúró gba ẹ̀ṣẹ́ o. Bí ọwọ́ bá ti ń lọ sókè, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tàbí kí ẹlòmíràn lọ. Bí ó bá ń lọ lu àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ là wọ́n kíá. Ẹni tí wọ́n bá sì lù, kí ó sọ fún ọ̀gá, kí ó má gbé e mọ́ra nítorí kí iṣẹ́ má baà bọ́.

Ẹ̀yin tí òbí yín wà ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá díẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ibùsùn: mo fẹ́ tọ̀, òùngbẹ ń gbẹ mí, ó ń dùn mí, òtútù ń mú mi. Ẹ kọ oríkì rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ sì kọ́ nọ́ọ̀sì alẹ́ bí a ti ń pè é.