Akọ, Abo, àti Èyí Tí Kò Ṣakọ Tí Kò Ṣabo: Ẹ̀kọ́ Kékeré Lórí Èdè Jámánì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń múra àtilọ kàwé ní Jámánì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wa fi kàwé ní ilé-ìwé yìí, “the” kan ṣoṣo ni ó sì ń ṣíwájú ọ̀rọ̀-orúkọ níbẹ̀. Èdè abínibí wa tilẹ̀ tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: “ó” kan náà ni a ń lò fún ọkùnrin, obìnrin àti òkúta. Ní èdè Jámánì, mẹ́ta ni: der Glaube, ìgbàgbọ́, akọ ni, die Gnade, oore-ọ̀fẹ́, abo ni (ẹ pè é ní “dí”, kì í ṣe ti ikú o), das Wort, ọ̀rọ̀, kò ṣakọ, kò ṣabo. Bí nǹkan bá pọ̀ ju ẹyọ kan lọ, die ni ti gbogbo wọn.

Ẹ má wá ìdí rẹ̀ lára ohun tí a dárúkọ. Abo ni oòrùn, die Sonne. Akọ ni òṣùpá, der Mond. Ọmọdébìnrin pàápàá, das Mädchen ni, nítorí ìparí rẹ̀, -chen, tí ń sọ nǹkan di kékeré. Èyí tí ó bá parí sí -ung, -heit tàbí -keit, die ni. Orúkọ ọjọ́ àti oṣù, der ni. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyókù, àfi kí a há a sórí.

Àwa kọ̀, a kò há a sórí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, a rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni àwọn ọ̀rọ̀ kékeré wọ̀nyí. Ní ọjọ́ ìdánwò, a bá gbólóhùn yìí pàdé: Den Sohn liebt der Vater. A kà á bí Gẹ̀ẹ́sì, pé ẹni tí a kọ́kọ́ dárúkọ ni olùwà, a sì kọ ọ́ pé: Ọmọ fẹ́ràn Baba. Olùkọ́ fi bírò pupa fagi lé e. Baba ni ó fẹ́ràn Ọmọ! Bí ọ̀rọ̀ akọ bá jẹ́ àbọ̀, der rẹ̀ a di den, ibi yòówù kí ó wà nínú gbólóhùn. Die àti das kì í yí padà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá sì mọ̀ pé akọ ni Sohn, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé den ni kí òun kọ?

Ojú tì wá, a sì tún gbogbo rẹ̀ kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú yíǹkì aláwọ̀ mẹ́ta, tí a ń ké e sókè bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá fẹ́ kọ “tábìlì” sínú ìwé rẹ̀, kí ó má kọ Tisch nìkan. Der Tisch ni kí ó kọ.