Ẹ̀KỌ́ FÚN AKỌ̀WÉ ÀTI AKÁPÒ: BÍ A TI Ń BI ÌWÉ ÌṢIRÒ ORÍ KỌ̀ǸPÚTÀ LÉÈRÈ Ọ̀RỌ̀

Nínú ẹ̀kọ́ wa tó kọjá, a rí bí a ti ń to orúkọ àti owó sínú ìwé ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní spreadsheet. A ní àwọn òpó tó dúró lóòró ni a ń fi lẹ́tà A, B, C pè, àwọn ìlà tó dùbúlẹ̀ ni a ń fi nọ́mbà pè, àpótí kékeré tí òpó àti ìlà sì ti pàdé ni à ń kọ nǹkan sí. Àpótí tó wà ní òpó D, ní ìlà kejì, D2 ni à ń pè é. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè ṣe gbogbo rẹ̀ lórí fóònù.

Ṣùgbọ́n kíkó orúkọ jọ lásán kò yàtọ̀ sí ìwé ńlá tí a ń fi bírò kọ. Ohun tó mú ẹ̀rọ yìí wúlò ni pé a lè bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ní 1978, Dan Bricklin, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Harvard ní Amẹ́ríkà, ń wo olùkọ́ tó ń ṣe ìṣirò lójú pátákó. Bí nọ́mbà kan bá yí padà, olùkọ́ náà á nu gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e, á tún wọn kọ. Ibẹ̀ ni èrò náà ti wá. Òun àti Bob Frankston gbé VisiCalc jáde ní 1979, Excel tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sì tẹ̀ lé e ní 1985. Ìbéèrè méjì péré ni a ó kọ́ lónìí. Ẹ̀yin akápò wa ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ àti ní Emùré, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àpò owó ẹgbẹ́ àti èébú rẹ̀ pọ̀, ẹ̀yin ni mo ní lọ́kàn jù.

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ: "BÍ"

Ẹ wo káàdì alájọ. Àpótí mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lára rẹ̀. Bí ìyá kan bá ń dá igba náírà lójúmọ́, tó sì dá a fún ọgbọ̀n ọjọ́, alájọ á yọ owó ọjọ́ kan fún iṣẹ́ rẹ̀, á sì kó owó ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ìyẹn ₦5,800, fún un. Bí ìyá náà kò bá dá nǹkan kan lóṣù náà, kò sí ohun tí alájọ fẹ́ yọ. Àwọn ìyá tí kò mọ̀wé rárá mọ ìṣirò yìí dáadáa. Bí iye ọjọ́ tó dá bá wà ní B2, báyìí ni a ó ṣe sọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà:

=IF(B2>0,(B2-1)*200,0)

Ẹ kà á bí ẹni ń sọ Yorùbá. IF ni "bí". Bí ohun tó wà ní B2 bá ju òdo lọ, yọ ọ̀kan kúrò, kí o sì fi igba sọ ọ́ di púpọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kọ òdo. Kọ́mà kìíní ló dúró fún "ṣe báyìí", kọ́mà kejì ló dúró fún "bí bẹ́ẹ̀ kọ́". Àmì ìdọ́gba tó ṣáájú ni ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé, nítorí òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ̀ pé ìbéèrè la bi òun.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sí owó ẹgbẹ́. Ká ní ₦500 ni lóṣù, ₦6,000 lọ́dún. Nọ́mbà ìyá kọ̀ọ̀kan wà ní òpó A, orúkọ wà ní B, ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ bá ní nípa rẹ̀ wà ní C, owó tó ti san wà ní D. Ní E2, akọ̀wé kan lè kọ báyìí:

=IF(D2>=6000,"Ó ti san tán","Onígbèsè")

Ẹ̀rọ kò ní bá a jà. Èmi ni mo fẹ́ bá a jà díẹ̀. Ẹni tó ku ₦500 àti ẹni tí kò san kọ́bọ̀ yóò jọ máa jẹ́ onígbèsè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe orúkọ tó yẹ ká fún ìyá ọlọ́mọ. Kí ẹ̀rọ kọ iye tó kù síbẹ̀, ó tó. Yàtọ̀ sí èyí, kì í ṣe gbogbo ẹni tí kò san ló jẹ. Nínú ẹgbẹ́ gbogbo ni a ti ń rí àgbàlagbà tàbí aláìsàn tí ìpàdé ti yọ̀ǹda. Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe tuntun láàárín àwa Mẹ́tọ́díìsì. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ní Bristol ní 1742, láti san gbèsè ilé ìpàdé wọn ni, pẹ́nì kan lọ́sẹ̀. Ọ̀gá Foy tó mú ìmọ̀ràn náà wá ní kí wọ́n fún òun ní àwọn mọ́kànlá tó tálákà jù. Bí ẹnì kan nínú wọn kò bá ní, òun yóò san tirẹ̀ mọ́ ti òun. "Bí" kejì ti wà nínú ìṣirò wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Tiwa náà lè ní in:

=IF(C2="Ìyọ̀ǹda","A yọ̀ǹda rẹ̀",IF(D2>=6000,"Ó ti san tán",6000-D2))

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda ni a kọ́kọ́ béèrè. Òkè ni ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀, ibi tí ó bá ti rí "bẹ́ẹ̀ ni" ló ń dúró. Bí a bá kọ́kọ́ béèrè bóyá owó tó san kò tó ₦6,000, yóò ti ka iye tó kù sí ìyá arúgbó náà lọ́rùn kí ó tó dé ibi tí a ti yọ̀ǹda rẹ̀. Kí bíráékẹ́ẹ̀tì tí a ṣí sì bá èyí tí a pa dé dọ́gba ní iye.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ: "LỌ BÁ MI WÁ A"

VLOOKUP ni orúkọ rẹ̀, ó sì dà bí ẹni rán ọmọ níṣẹ́. Ohun mẹ́rin ni a ń sọ fún ọmọ náà: ohun tí yóò wá, ibi tí yóò ti wá a, òpó ìkelòó ló ti máa mú èsì wá, àti bóyá ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun náà gan-an. Òpó àkọ́kọ́ lápá òsì ibi tí a rán an lọ nìkan ló máa ń wò, ó ń wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, bó bá sì ti rí ọ̀kan, ó ti padà nìyẹn. Kì í wò ó bóyá òmíràn tún wà nísàlẹ̀.

Èmi tí mò ń kọ èyí ti jìyà ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí. Mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ kan nígbà kan rí, èmi ni mo sì gbé ìwé wọn sórí kọ̀ǹpútà. Orúkọ ni mo fi ń wá ènìyàn, nítorí orúkọ ni gbogbo wa fi ń pe ara wa. Ìyá Ìbejì mẹ́ta ló sì wà nínú ẹgbẹ́ náà! Ní ìpàdé kan tí a ti ń yá ènìyàn lówó, ọ̀kan nínú wọn dìde. Owó ìdánwò ọmọ rẹ̀ ló ń wá, ọjọ́ tí ilé-ìwé yóò ti gbígba owó náà kò sì jìnnà mọ́. Mo tẹ orúkọ rẹ̀, ẹ̀rọ sì dáhùn pé ó ṣì ku ₦3,500. Mo kà á sókè lójú gbogbo ènìyàn. Ó ní òun ti san tán. Mo tún un tẹ̀, ẹ̀rọ tún sọ ohun kan náà, mo sì sọ gbólóhùn tí mo ń kábàámọ̀ títí dòní: mo ní kọ̀ǹpútà kì í purọ́. Kò mú káàdì rẹ̀ lọ́wọ́. Ó jókòó, kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ kẹta ló mú káàdì náà wá bá mi nílé. Ẹ̀ẹ̀mejìlá ni akápò ti fọwọ́ sí i, ₦6,000 gééré. Ìyá Ìbejì tó wà lókè nínú ìwé mi ló san ₦2,500, òun ni ẹ̀rọ rí tó fi dúró. Tèmi yìí wà ní ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Ó ti lọ yá owó sọ́gún-dogójì kí ọmọ rẹ̀ má bàa pàdánù ìdánwò náà. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì tún bẹ̀ ẹ́ ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, lójú àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́. Èlé náà, èmi ni mo san án. Lóòótọ́ kọ̀ǹpútà kò purọ́. Ó dáhùn ohun tí mo bi í; ohun tí mo bi í ni kò tọ̀nà.

Nítorí náà, ẹ fún ìyá kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà tirẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sára káàdì rẹ̀, kí ẹ má sì fi nọ́mbà ẹni tó ti kúrò fún ẹlòmíràn. Orúkọ kò ṣeé gbára lé. Kì í ṣe pé ẹni méjì lè jẹ́ ọ̀kan náà nìkan. Lójú ẹ̀rọ, "Bola" tí kò ní àmì àti "Bọ́lá" tó ní àmì kì í ṣe ènìyàn kan náà, bí àyè òfìfo kan bá sì wà lẹ́yìn orúkọ, tí ojú kò lè rí i, ó ti di ẹlòmíràn. Bí ìyá ogójì bá wà ní ìlà kejì sí ìkọkànlélógójì, tí a sì tẹ nọ́mbà ẹni tí à ń wá sí G2, ìbéèrè náà nìyí:

=VLOOKUP(G2,$A$2:$E$41,5,0)

Kì í ṣe owó ilẹ̀ òkèèrè ni àmì dọ́là yẹn o. Ńṣe ló de ibi tí a rán ọmọ lọ mọ́lẹ̀, kí ó má bàa máa sún sísàlẹ̀ nígbà tí a bá ń da ìbéèrè náà kọ sí àwọn àpótí mìíràn. Márùn-ún ni òpó karùn-ún, ìyẹn E. Òdo tó kẹ́yìn ni kí ẹ dì mú ṣinṣin: òun ló ń sọ pé ohun náà gan-an ni mo fẹ́, bí kò bá sí, sọ fún mi pé kò sí.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí a bá fi í sílẹ̀. Bí nọ́mbà tó wà nínú ìwé bá jẹ́ 1 dé 40, tí ẹnì kan sì tẹ 41, ẹ̀rọ tí a kò fún ní òdo yóò mú èyí tó súnmọ́ ọn jù nísàlẹ̀ wá. Yóò gbé ìwé owó ẹni ogójì ka ẹni kọkànlélógójì lórí, kò sì ní sọ fún yín pé òun méfò. Bí òdo bá wà níbẹ̀, yóò kọ #N/A. Ẹ má bẹ̀rù àmì yẹn, òótọ́ ló ń sọ.

Àyè tí mímú èyí tó súnmọ́ ọn ti wúlò wà. Ẹ̀yin olùkọ́ àárín wa mọ ìpín WAEC: 75 sókè ni A1, 70 ni B2, 65 ni B3, 60 ni C4, 55 ni C5, 50 ni C6, 45 ni D7, 40 ni E8, ìsàlẹ̀ ogójì sì ni F9. Ọmọ tó gba 59 kò sí nínú àkójọ yìí, C5 ló sì tọ́ sí i. Ẹ kọ máàkì ìbẹ̀rẹ̀ ìpín kọ̀ọ̀kan sí H2 dé H10, láti kékeré lọ sí ńlá, òdo, 40, 45, títí dé 75. Ẹ kọ lẹ́tà wọn sí òpó I. Bí máàkì bá wà ní B2, =VLOOKUP(B2,$H$2:$I$10,2,1) yóò mú lẹ́tà rẹ̀ wá. Bí a kò bá tò ó láti kékeré lọ sí ńlá, yóò sọ ìsọkúsọ. Fún máàkì nìkan ni mo fọwọ́ sí èyí, kì í ṣe fún owó ènìyàn.

Nígbà tí ìyá tuntun bá wọlé tí a kọ ọ́ sí ìlà 42, fọ́múlà wa kò ní rí i, nítorí 41 ni a ní kó dúró. Àwọn ọ̀mọ̀wé náà ń ṣe èyí. Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ńlá ní Amẹ́ríkà, gbé ìwé kan jáde ní 1010+1000 ọdún, ìyẹn 2010, lórí gbèsè àwọn orílẹ̀-èdè. Ní 2013, akẹ́kọ̀ọ́ kan, Thomas Herndon, rí i pé ọ̀kan nínú fọ́múlà wọn kò dé ìsàlẹ̀: orílẹ̀-èdè márùn-ún ló kù síta, Kánádà wà lára wọn. Ẹ lè kọ A:E dípò $A$2:$E$41, òpó náà látòkè délẹ̀ ni yóò máa wò.

Láti 2019 ni Microsoft ti gbé XLOOKUP jáde. Ohun náà gan-an ló ń wá láìjẹ́ pé a sọ fún un, a sì lè kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ bí kò bá rí i:

=XLOOKUP(G2,A:A,E:E,"Kò sí nínú ìwé")

Excel àtijọ́ kò mọ̀ ọ́n; ẹni tó bá ní irú rẹ̀, kó dúró ti VLOOKUP àti òdo rẹ̀.

IṢẸ́ ṢÍṢE

1. Ẹ kọ orúkọ ìyá mẹ́wàá sínú ìwé, kí méjì nínú wọn jẹ́ Ìyá Ìbejì, kí owó tí wọ́n san má sì dọ́gba. Ẹ fi orúkọ wá ẹni kejì, lẹ́yìn náà kí ẹ fi nọ́mbà wá a. Kí ni ẹ rí?

2. Ẹ wá nọ́mbà 11 tí kò sí nínú ìwé náà. Ẹ kọ́kọ́ fi òdo parí fọ́múlà, kí ẹ sì tún fi 1 parí rẹ̀. Ìdáhùn ta ni ẹ rí gbà ní ìgbà kejì?

3. Ẹ yan ìyá mẹ́ta láti inú ìwé ẹgbẹ́ yín gan-an, kí ẹ ní kí wọ́n mú káàdì wọn wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹ sì fi ohun tí akápò fọwọ́ sí wé ohun tí ẹ̀rọ sọ kí ẹ tó ka orúkọ ẹnikẹ́ni sókè.